Ògiri Òkúta Abẹ́ Òkun Baltic: Bí Wọ́n Ṣe Tú Ìdí Ọ̀ràn Náà Wò

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2021, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Yunifásítì Kiel ní orílẹ̀-èdè Jámánì wà nínú ọkọ̀ ìwádìí kan lórí Òkun Baltic, ní Ìyawọlẹ̀ Omi Mecklenburg, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sí etíkun ìlú Rerik. Kì í ṣe ohun àtijọ́ ni wọ́n wá lọ. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni iṣẹ́ wọn, pàápàá èépá manganese tó máa ń hù sórí gegele kan lágbègbè náà. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo ìsàlẹ̀ omi wà lábẹ́ ọkọ̀ wọn. Ẹ̀rọ yìí á rán ìró sísàlẹ̀, ìró á kan ilẹ̀, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi àkókò tó gbà mọ bí ilẹ̀ ṣe jìn tó, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwòrán tó jáde látinú rẹ̀ pé, wọ́n rí ìlà kan tó nà lọ lórí ilẹ̀ òkun.

Ìlà náà gùn tó mítà 971. Òkúta ló tò ó, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, wọ́n sì kà wọ́n di 1,673. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ga tó mítà kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fẹ̀ tó mítà méjì. Ibi tí ó wà jìn tó mítà 21 sábẹ́ omi. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìwọ̀n gbogbo òkúta náà pọ̀, ó lé ní tọ́ọ̀nù 142. Blinkerwall ni orúkọ tí wọ́n wá fún un.

Ọ̀ràn yìí yẹ ká kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn àti àwọn oníròyìn tó ń gbé iṣẹ́ náà dé etí aráyé. Òkúta tó bá tò lábẹ́ omi máa ń dá ariwo sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan á ti ní ìlú ńlá kan ló rì síbẹ̀, ẹlòmíì á ní àwọn ẹ̀dá láti òfuurufú ló kọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ náà sì lè ṣe àṣejù tiwọn ní òdìkejì, kí wọ́n ní òkúta lásán ni, kí wọ́n má wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó rí Blinkerwall kò gba ọ̀kankan nínú ọ̀nà méjèèjì. Ìbéèrè ni wọ́n bi òkúta náà, wọ́n sì mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Bí wọ́n ṣe tò ó ni mo fẹ́ ká tẹ̀ lé.

Ó nídìí tó fi yẹ kí wọ́n ṣọ́ra. Ní ọdún 1968, àwọn òmùwẹ̀ rí òkúta pẹlẹbẹ tó tò bí ojú títì nítòsí erékùṣù Bimini ní Bahamas, ni ariwo Atlantis, ìlú inú ìtàn àròsọ tí wọ́n ní ó rì sínú òkun, bá gba ìgboro. Nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ lu òkúta náà wò dénú, àpáta etíkun ni wọ́n bá, iyanrìn àti ìkarahun tó lẹ̀ pọ̀ di òkúta, tó wá sán fúnra rẹ̀. Ní Zakynthos, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ rí ohun tó jọ ilẹ̀ títẹ́ àti ìdí òpó ní ọdún 2013. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń jẹ gáàsì methane tó ń jò láti abẹ́ ilẹ̀ ló fà á tí òkúta náà fi dì bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn tó dé ayé rárá. Ti Yonaguni ní Japan kò tíì parí títí di òní: Masaaki Kimura ti Yunifásítì Ryukyus ní ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀, Robert Schoch tó jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì ní bí àpáta ibẹ̀ ṣe máa ń là nìyẹn. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Irú ìtàn wọ̀nyí ló fi dára pé àwọn tó wà ní Mecklenburg kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ènìyàn.

Ṣé yìnyín ló tò ó?

Ní ìgbà yìnyín tó kẹ́yìn, pẹpẹ yìnyín tó nípọn gan-an bo gbogbo Scandinavia, ó sì nà wọ àríwá Jámánì. Bó ṣe ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀ ló ń tú àpáta, tó ń gbé òkúta rìn jìnnà, tó sì ń lọ̀ wọ́n mọ́ra. Nígbà tí ó yọ́, ó da gbogbo ẹrù yìí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkúta ńlá àti kékeré fi kún etíkun Baltic títí di òní. Gbogbo àwọn tó ṣèwádìí ló gbà pé yìnyín ló kó òkúta Blinkerwall dé agbègbè yẹn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tó tò wọ́n.

Yìnyín ní bó ṣe máa ń to nǹkan, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sì mọ ojú iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Níbi tí etí rẹ̀ bá dúró sí pẹ́, amọ̀, iyanrìn àti òkúta oríṣiríṣi ló máa ń wọ́ jọ gègèrè, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú mọ́ra. Odò tó ń ṣàn lábẹ́ yìnyín a máa fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí ebè gígùn. Tí ojú adágún bá dì, tí atẹ́gùn wá ń ti yìnyín náà lu èbúté, ó lè ti òkúta jọ sí etí omi, ṣùgbọ́n wọ́n á gun orí ara wọn ni, ibì kan á ga, ibì kan á tẹ́, gbogbo rẹ̀ á fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ti Mecklenburg kò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Ìlà tóóró ni, òkúta ibẹ̀ kò sì gun ara wọn, wọ́n kàn fara kan ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan.

Síbẹ̀, "kò jọ" nìkan kò tó láti dá ẹjọ́ yìí. Ayé tóbi, yìnyín sì lè ṣe ohun tí a kò rí rí. Ohun tó yí ọ̀ràn náà padà, lójú tèmi, ni ìgbà tí wọ́n wọn òkúta náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá wo ibi tí èyí tó wúwo wà àti ibi tí èyí tó fúyẹ́ wà. Àwọn òkúta ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹgbẹ́ ènìyàn kan kò lè ṣí kúrò nílẹ̀. Èyí tó kù, nǹkan bíi 1,400, jẹ́ òkúta tí ènìyàn lè gbé tàbí yí. Àwọn kékeré yìí ló wà ní àlàfo àárín àwọn ńlá. Ìlà náà kò sì gún gbọnrangandan, ó ń yà díẹ̀díẹ̀, òkúta mẹ́wàá tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ pé àwọn ibi tí ìlà ti yà gan-an ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí òun ni ọkàn ẹ̀rí náà. Bí omi tàbí yìnyín bá ti òkúta jọ, kò sí ohun tó máa mú kí èyí tó wúwo jù wà níbi tí ìlà ti yà. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn ènìyàn kan dé ibẹ̀, tí wọ́n bá àpáta ńláńlá tí yìnyín ti fi sílẹ̀ káàkiri, tí wọ́n wá fẹ́ fi òkúta tí agbára wọn ká so wọ́n pọ̀. Wọ́n á mú láti orí àpáta kan dé orí èkejì. Níbi tí àpáta tó kàn kò bá sí lójú kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yà. Àpáta náà á wá di igun ògiri. Bí òkúta ṣe tò, bó ṣe yà, bí ńlá àti kékeré ṣe pín, àlàyé kan ṣoṣo yìí ló gba gbogbo wọn. Kò sì gba ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láti ṣe é, nítorí àwọn òkúta tó wúwo jù kò kúrò níbi tí wọ́n bá wọn.

Wọ́n tún bi í bóyá ọwọ́ ènìyàn òde òní ló wà nínú rẹ̀. Èyí kò pẹ́. Lóòótọ́ ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ wa òkúta láti ìsàlẹ̀ Baltic wà ní sẹ́ńtúrì ogún àti ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ń kó o lọ kọ́ èbúté àti ilé. Ṣùgbọ́n kíkó ni wọ́n ń kó o kúrò, wọn kò ní ìdí láti tò ó sílẹ̀ ní ìlà gígùn. Iṣẹ́ wáyà abẹ́ òkun tàbí ti páìpù kò bá irú òkúta títò bẹ́ẹ̀ mu.

Wọ́n wọ inú omi

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí wù mí púpọ̀. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkun ni Jacob Geersen tó ṣáájú iṣẹ́ náà, ó sì hàn sí i pé ọ̀ràn náà ti kọjá ọwọ́ ìmọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n fi tó àjọ ìpínlẹ̀ Mecklenburg-Vorpommern tó ń bójú tó àṣà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Wọ́n pe àwọn awalẹ̀pìtàn, lára wọn ni Marcel Bradtmöller láti Yunifásítì Rostock. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Leibniz fún Òkun Baltic ní Warnemünde náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ tún ìsàlẹ̀ òkun náà wò, èyí tó sún mọ́ òkúta ju ọkọ̀ lọ. Wọ́n ya àwòrán òkúta náà lábẹ́ omi, wọ́n sì fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun sókè pẹ̀lú ọ̀pá ihò láti ka àwọn ìpele tó wà nínú rẹ̀.

Òmùwẹ̀ kò rí irinṣẹ́ kankan. Kò sí orí ọfà, kò sí òkúta tí ẹnì kan gbẹ́, kò sí egungun ẹran tí a gé, kò sí èédú. Fún awalẹ̀pìtàn, ibí yìí ni ọkàn ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Ògiri láìsí ohun tí ọwọ́ ènìyàn fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dà bí ẹjọ́ láìsí ẹlẹ́rìí. Wọn kò bo àìrí yìí mọ́lẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n wá ẹ̀rí láti ibòmíràn, wọ́n sì rí i nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n fà sókè.

Ẹrẹ̀ náà sọ pé ilẹ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé adágún tàbí àbàtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà gẹ́lẹ́. Ìpele tó kẹ́yìn nínú adágún yẹn jẹ́ nǹkan bí ọdún 9,100 sẹ́yìn. Ògiri náà ń bá etí adágún yẹn rìn.

Ìyẹn fún wọn ní ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún wọn ní ààlà àkókò. Bí yìnyín ṣe ń yọ́ káàkiri ayé ni òkun ń ga, ní ìkẹyìn, nǹkan bí ọdún 8,500 sẹ́yìn, omi òkun ya wọ Mecklenburg, ó sì bo gbogbo ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá to òkúta náà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ti ní láti tò ó kí omi tó dé. Ààlà yìí dúró gbọin, kò ti ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ wá, ìtàn omi ló gbé e kalẹ̀. Ohun kejì ni adágún fúnra rẹ̀. Ògiri tó bá etí omi rìn kì í ṣe ògiri tó dá dúró sínú pápá. Ó ní ohun tó ń bá omi ṣe.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe?

Wọ́n yẹ àbá mẹ́ta wò dáadáa.

Ògiri tó ń dènà òkun kì í ṣe àbá òmùgọ̀. Ní Tel Hreiz, etíkun Ísírẹ́lì, ògiri òkúta kan tó lé ní 100 mítà wà lábẹ́ omi, tí àwọn ará abúlé kan tò ní nǹkan bí ọdún 7,000 sẹ́yìn kí òkun má bàa gbé ilé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ń gbé ojú kan, wọ́n ní ilé tí wọ́n ń dáàbò bò. Ní Mecklenburg, àwọn ọdẹ tó ń kiri ni ènìyàn ìgbà yẹn, kò sí àmì abúlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Ògiri tí kò ga tó mítà kan kò sì lè dá omi tó ń bọ̀ dúró.

Àbá pé ọgbà ẹja ni kò lọ jìnnà. Irú ọgbà òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí omi ti ń kún tó sì ń fà lójoojúmọ́: omi á kún, ẹja á bá a wọlé, omi á fà, ẹja á há. Baltic kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní irú kíkún àti fífà bẹ́ẹ̀ rárá.

Àbá ìdẹ̀gbẹ́ ló kù. Ó yẹ kí n tẹ̀ síwájú pẹ̀lẹ́ níbí, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń béèrè ni pé: ẹranko wo ni ògiri tí kò dé ibàdí ènìyàn máa dá dúró? Ọmọ ewúrẹ́ pàápàá á fò ó kọjá. Ìdáhùn wà nínú ìwà ẹranko náà. Reindeer, ẹranko oníwo tó ń rìn ní agbo ńlá ní ilẹ̀ tútù, kì í fẹ́ fo ohun tó gùn lọ síwájú rẹ̀ bí kò bá pọn dandan. Ó máa ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, títí yóò fi rí ibi tí yóò gbà kọjá. Àwọn ènìyàn ilẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà tó ń ṣọdẹ caribou, tó jẹ́ ẹ̀yà reindeer kan náà, ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n máa ń to òkúta ní ìlà, nígbà mìíràn òkúta kéékèèké tó jìnnà síra, agbo á sì tẹ̀ lé e lọ sí ibi tí ọdẹ ti ń dúró. Ògiri náà kì í ṣe ìdènà, ọ̀nà ni.

Ọdẹ Yorùbá tó bá ka èyí á yára mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí wọ́n bá ń sun ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀rùn, iná kì í pa ẹran tó pọ̀. Iná ń darí ẹran ni, ẹran á sá lọ sí ìhà tí kò sí iná, ibẹ̀ gan-an sì ni ọdẹ dúró sí. Ní Mecklenburg, òkúta ló ń ṣe iṣẹ́ iná, adágún sì ṣe iṣẹ́ ògiri kejì. Agbo reindeer á bá òkúta lọ, ọ̀nà á máa há síi láàárín òkúta àti omi. Ibẹ̀ ni ọdẹ á ti fi ọfà dúró. Bí ẹran bá ní òun fẹ́ gba inú omi sá, ẹran tó ń lúwẹ̀ẹ́ kì í lè yára, ó ti wọ ọwọ́ ọdẹ nìyẹn.

Àbá yìí kò dá dúró sínú òfìfo. Ní Adágún Huron, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, John O'Shea àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Michigan ti rí òkúta tó tò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ omi, nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn, tí wọ́n túmọ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà darí caribou. Ní tiwọn, wọ́n rí èékú òkúta gbígbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé Blinkerwall kò tíì fún ẹnikẹ́ni. Nítòsí Hamburg, ní Stellmoor, Alfred Rust hú egungun reindeer jáde nínú ẹrẹ̀ adágún àtijọ́ ní àwọn ọdún 1930, lọ́pọ̀ yanturu, pẹ̀lú igi ọfà tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìparí ìgbà yìnyín ni wọ́n ti wá. Ohun tí Stellmoor fi hàn ni pé àwọn ọdẹ tó ń pa reindeer lẹ́bàá omi wà ní àríwá Jámánì ní àkókò tó yẹ gẹ́lẹ́.

Ibi tí ẹ̀rí ti lágbára, ibi tí kò lágbára tó

Àwọn olùwádìí náà sọ pé ó ṣeé ṣe kí ògiri náà ti lé ní ọdún 10,000, kó jẹ́ ti ìgbà òtútù tó kẹ́yìn kí ayé tó gbóná, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìgbóná náà. Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ nìyí. Bí ayé ṣe ń gbóná, igbó dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bo ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ pápá gbalasa. Reindeer kì í gbé inú igbó bẹ́ẹ̀, wọ́n sá lọ síhà àríwá, ó sì tó nǹkan bí ọdún 11,000 sẹ́yìn tí wọn kò fi sí ní agbègbè náà mọ́. Àwọn ẹran tó rọ́pò wọn nínú igbó ń rìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tàbí agbo kékeré, wọn kì í ṣí kiri bí reindeer ṣe ń ṣí. Kò sí ẹni tó máa wá to òkúta kìlómítà kan nítorí irú ẹran bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí ògiri bá jẹ́ ti reindeer, wọ́n ti ní láti tò ó kí reindeer tó kúrò níbẹ̀.

Ìrònú yìí dára, ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí oríkèé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní wọ́n fi ògiri ṣe ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí ọjọ́ orí yẹn ni ìlò náà fi bá a mu. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, èkejì á mì. Ní ọwọ́ kejì, pé ògiri náà lé ní ọdún 8,500, èyí kò ti orí reindeer wá rárá, omi òkun ló sọ bẹ́ẹ̀. Pé ọwọ́ ènìyàn ló tò ó, bí ìwọ̀n òkúta ṣe pín lórí ìlà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kò wúwo bákan náà, àwọn tó kọ ìwé náà sì mọ̀. Níbi tí ẹ̀rí ti fẹ́lẹ́, "ó ṣeé ṣe" ni wọ́n kọ. Ìwé ìròyìn púpọ̀ ló yọ ọ̀rọ̀ "ó ṣeé ṣe" yẹn dànù nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde, ó sì dùn mí, nítorí nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni òótọ́ iṣẹ́ náà wà.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìmọ̀ PNAS ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n rí ìlà náà. Ẹ fojú inú wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n ti fi àwòrán àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2021. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń wá ohun ìrántí á ti dé ibẹ̀ kí awalẹ̀pìtàn tó dé. Òkúta kan tí wọ́n bá yí kúrò ní igun ìlà náà á ti ba ẹ̀rí tí mo ṣàlàyé lókè jẹ́, nítorí ibi tí òkúta wà ni gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní etíkun tiwa náà kì í ṣe kékeré. Nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn, òkun gbogbo àgbáyé fi nǹkan bí 120 mítà rẹlẹ̀ ju ti ìsìnyí lọ. Etí omi kò sí ní ibi tí Badagry, Èkó tàbí Kútọnu wà lónìí; ilẹ̀ gbígbẹ ń bẹ níwájú wọn tí omi ti gbé mì. Ẹ̀rọ onígbì ìró sì ń kọjá lórí ilẹ̀ yẹn déédéé, torí epo, torí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, torí iyanrìn tí wọ́n ń wà. Ẹni tó ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn ló ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ rí ohun tó yẹ ní wíwò, bó ṣe rí fún àwọn tó ń wá manganese. Kò ní láti jẹ́ awalẹ̀pìtàn. Ó kàn ní láti mọ ẹni tó yẹ kó pè, kó sì gbà pé ohun tí òun rí lè ju ìmọ̀ òun lọ.

Iṣẹ́ Blinkerwall kò tíì parí. Àmì wà pé ògiri kejì lè wà nítòsí rẹ̀, tí ẹrẹ̀ òkun ti bò mọ́lẹ̀. Bí ó bá wà, tí ó sì bá ti àkọ́kọ́ rìn, àbá ìdẹ̀gbẹ́ á lágbára gan-an. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n lè gbà mọ ọjọ́ orí rẹ̀ láìsí reindeer: a lè wọn ìgbà tí òkúta tàbí iyanrìn rí oòrùn kẹ́yìn. Bí ìwọ̀n yẹn bá bọ́ sí ìgbà tí reindeer ṣì wà, ìrònú tó dà bí òrùka yẹn á já, àlàyé náà á dá dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Bí ó bá sì bọ́ sí ọdún 9,000 sẹ́yìn, tí igbó ti bo gbogbo ibẹ̀, ògiri náà á ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n á ní láti tún béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe.